Ológbò asáko wọlé aboyún: ṣé ká gbà á ni, àbí ká lé e?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Láfẹ́nwá ni mo ń gbé. Ológbò kan wọ ilé ìdáná wa lálẹ́ ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀, kò sì lọ mọ́. Abo ni, ó rù, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ tóbi. Ojú rẹ̀ ń ṣepin, ó ń sín, irun sì ti re ní róbótó lára etí rẹ̀ méjèèjì. Mo rí nǹkan funfun bíi wóró ìrẹsì nídìí rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, fẹ́ fà á jáde lábẹ́ àga, ó sì fi èékánná ha á lápá, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin. Èmi náà wà nínú oyún oṣù mẹ́rin. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé e sọnù kó tó ba oyún jẹ́, pé ológbò kì í ṣe ẹran lásán. Aládùúgbò wa ní kí n fi Sniper díẹ̀ wẹ̀ ẹ́, kí n sì fún un ní ìdajì parasitamọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ ti fẹ́ràn rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ìyá ọlọ́mọ méjì, Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú ilé. À á gbóhùn ìyá, à á gbóhùn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kó sílẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹ sọ wéré tí ẹ sì kọjá lọ, òun gan-an ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú: apá ọmọ yín. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ó jọ pé làpálàpá wà létí ológbò yín lóòótọ́, a ó dé orí rẹ̀. Àmọ́ ológbò tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá, tó ha ọmọ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ọ̀rọ̀ dìgbòlugi ni ká kọ́kọ́ yanjú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ajá nìkan ló ń ní dìgbòlugi. Ajá ló ń kó o ran ènìyàn jù nílẹ̀ wa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ológbò tí ajá bẹ́ẹ̀ bá bù jẹ lè kó o, kó sì kó o fún ẹlòmíràn. Inú itọ́ ni kòkòrò àìsàn náà ń gbé. Ológbò sì ń fi ahọ́n lá ọwọ́ àti èékánná rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fi ojú kékeré wo èékánná tó fa ẹ̀jẹ̀. Mi ò sọ pé ológbò yín ní in. Ológbò tó sá fún òjò, tó ń jẹun, tó wá sápamọ́ sábẹ́ àga, tí ọmọdé fẹ́ fà jáde tipátipá, ó nídìí tó fi ha ènìyàn. Ṣùgbọ́n àìsàn yìí, bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Nítorí náà, a kì í dúró wo bí yóò ṣe rí.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe lọ́jọ́ náà gan-an ni kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ìṣẹ́jú 15 gidi ni mo wí, ẹ wo aago. Kì í ṣe ká bu omi sí i ká sì fi epo pupa, iyọ̀, èédú tàbí àgbo dí i. Bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ fọ̀ ọ́ nísinsìnyí, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ jù. Àìsàn yìí sábà máa ń lo ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kó tó fara hàn, abẹ́rẹ́ sì gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Láti Láfẹ́nwá, ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè tàbí Federal Medical Centre ní Ìdí-Abà. Ẹ kọ́kọ́ bá ẹni tó mọ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kì í wà níbi gbogbo nígbà gbogbo. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má sọ pé “ológbò ilé wa ló ha á.” Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: ológbò asáko ni, a kò mọ̀ bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ rí, ẹ̀jẹ̀ jáde, ọjọ́ báyìí ló ṣẹlẹ̀, ológbò náà sì ṣì wà nílé. Àwọn ni yóò pinnu iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ọmọ yóò gbà. Ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí wọ́n pín sí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Òmíràn tún wà tí wọ́n máa ń gún sí ojú egbò fúnra rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde. Wọn yóò bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì náà. Bó bá jẹ́ pé ó ti ha ẹ̀yin alára, oyún kò ní kí ẹ má gba abẹ́rẹ́ yìí. Wọ́n ń fún aboyún.

Ibi tí ológbò náà ti wúlò fún ọmọ yín wá nìyí, òun sì ni ìdí tí mo fi ní kí ẹ má gbé e sọnù, kódà bí ẹ kò bá fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ajá tàbí ológbò tó bá ní dìgbòlugi, ọjọ́ díẹ̀ péré ṣáájú àmì àìsàn ni kòkòrò náà ń dé inú itọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kì í pẹ́ kú. Bó bá jẹ́ pé kòkòrò ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ha ọmọ, kí ọjọ́ 10 tó pé, yóò ti ṣàìsàn tàbí kó ti kú. Bó bá wà láàyè, tó ń jẹ, tó ń rìn dáadáa títí ọjọ́ kẹwàá, kò lè ti kó dìgbòlugi fún ọmọ lọ́jọ́ náà, dókítà ọmọ sì lè dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Ẹ rí i pé bí ẹ bá lé e lọ, tàbí tí ẹnìkan fi igi pa á, ẹ ti sọ ẹ̀rí yín nù. Ọjọ́ mẹ́rin ti lọ, ó ku mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kó wà ní sítóò tàbí báákónì tó ní ilẹ̀kùn, kí ọkọ yín tàbí àgbàlagbà mìíràn máa gbé oúnjẹ àti omi fún un, kí ọmọdé kankan má wọlé tọ̀ ọ́. A kì í gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, kí ara tó bá dà á láàmú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ má baà dojú ọ̀rọ̀ rú.

Kí ni kí ẹ máa ṣọ́? Kí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì: kó máa gbógun ti ènìyàn láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀ tí kò sì lè gbé nǹkan mì, kí ohùn rẹ̀ yí padà, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀. Sísín àti ojú tó ń ṣepin kì í ṣe àmì dìgbòlugi. Bó bá kú kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, ẹ má sin ín, ẹ má sì fọwọ́ lásán gbé e. Ẹ pe dókítà ẹranko, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ dìgbòlugi wò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹranko tó wà ní Vom, nítòsí Jos, wà lára àwọn tó ń ṣe é.

Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ. Ọ̀rọ̀ kejì tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la ni ìmọ̀ràn aládùúgbò yín. Mo mọ̀ pé inú rere ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n méjèèjì tó dá lábàá yẹn, ikú ni wọ́n jẹ́ fún ológbò. Nínú àwọn ológbò tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ wa, èyí tí ìtọ́jú ilé ṣe lọ́ṣẹ́ kò kéré rárá sí èyí tí àìsàn ṣe.

Sniper àti òtápiápiá tí wọ́n ń rọ sínú ìgò kéékèèké, oró kan náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, dichlorvos. NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré Sniper ní sùpámákẹ́ẹ̀tì àti lọ́jà láti 2019, ẹ sì mọ̀ bí a ṣe ń rà á náà. Awọ ara ń fà á mu. Ológbò tún wá yàtọ̀ sí ajá, torí pé ohunkóhun tí ẹ bá dà sí i lára, yóò fi ahọ́n lá gbogbo rẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa gbọ̀n, á tọ̀ sára, mímí á wá di ìṣòro. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wẹ̀ ẹ́ náà ń fà á símú pẹ̀lú oyún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti dà á sí i lára, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé epo pupa ni gbogbo ilé kọ́kọ́ ń sáré sí bí májèlé bá dé, àmọ́ oró yìí ń wọ ara nírọ̀rùn bó bá bá òróró pàdé, ẹran tó ń gbọ̀n kò sì lè gbé e mì dáadáa, epo á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Omi àti ọṣẹ ìfọbọ́ ni kí ẹ fi ṣan án kúrò lára rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì gbé e wá kíákíá.

Ti parasitamọ́ọ̀lù tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń fura sí i. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn ní ọ̀nà tó ń gbà tú oògùn yìí palẹ̀ kó tó di oró. Ti ológbò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀nà yẹn rárá. Ìdajì tábúlẹ́ẹ̀tì 500 mg jẹ́ 250 mg, ológbò tó rù bíi tiyín kò sì lè ju kílò mẹ́ta lọ. Ó ju ohun tó lè pa á lọ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, èrìgì rẹ̀ á yí padà di àwọ̀ búráwùn, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ á wú. Ibuprofen náà kò dára fún un. Oògùn eégbọn tí wọ́n kọ sí lára pé ti ajá ni, pàápàá èyí tó ní permethrin, kò gbọ́dọ̀ kàn án. Dettol àti Izal tí a fi ń fọ ilẹ̀ náà, ẹ má fi wẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fi fọ ilẹ̀ yàrá tó wà, ẹ fi omi ṣan ilẹ̀ dáadáa, kí ó gbẹ, kí ó tó tẹ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí oyún, torí mo mọ̀ pé òun ló ń dà yín láàmú jù.

Kì í ṣe irun ológbò ló ń ba oyún jẹ́, kì í ṣe èémí rẹ̀, kì í sì í ṣe bó ṣe ń wo ènìyàn. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Toxoplasma. Ológbò ń kó o nígbà tó bá pa eku jẹ tàbí tó bá jẹ ẹran tútù, lẹ́yìn náà yóò máa yàgbẹ́ ẹyin kòkòrò náà jáde fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, èyí sì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré láyé rẹ̀, nígbà tó bá kọ́kọ́ kó o. Bí obìnrin tí kò ní in rí bá wá kó o nínú oyún, ó lè kọjá sára ọmọ inú, oyún lè bàjẹ́, tàbí kí ojú àti ọpọlọ ọmọ fara gbá a. Ìbẹ̀rù ìyá ọkọ yín kò ṣàdédé wáyé, ìdí wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí ewu náà gbà ń wọlé ni wọn kò mọ̀.

Ibi tó ti dẹrùn nìyí: ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lónìí kò tíì lè kó o fún ènìyàn. Ẹyin kòkòrò náà nílò ọjọ́ kan sí márùn-ún nínú afẹ́fẹ́ kó tó gbó. Nítorí náà, bí ẹlòmíràn bá ń kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù lójoojúmọ́, tó wọ ìbọ̀wọ́, tó dì í sínú ọ̀rá, tó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀nà ti dí mọ́ kòkòrò náà. Ẹ̀yin ni kò gbọdọ̀ kó o títí ẹ ó fi bímọ. Ẹ wá abọ́ fífẹ̀ kan, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ sínú rẹ̀, tàbí pàǹtí pákó lẹ́búlẹ́bú tí àwọn onípákó ń kó dànù. Ológbò kì í ṣàìmọ ohun tó wà fún. Yóò walẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ fún yín. Ológbò tó wà ní sítóò yẹn kò léwu fún oyún yín tó òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n ń kọ́ ládùúgbò. Gbogbo ológbò àdúgbò ló ń ṣu síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré, tí wọ́n sì ń gbé ọwọ́ náà padà wálé. Bó bá jẹ́ tiyín, ẹ fi tapólì bò ó. Ẹ̀fọ́ tí ẹ rà lọ́jà, tó ti orí ilẹ̀ wá, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án kí ẹ tó gé e. Súyà tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn oṣù tó kù kí ẹ tó bímọ; ẹran tí kò jinná wà lára ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà kó kòkòrò yìí, láìní ológbò kankan nílé. Bí ẹ bá lọ sí kíníìkì aboyún, ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kó o tipẹ́tipẹ́ láìmọ̀, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ara yín ti mọ̀ ọ́n, ewu ti lọ sílẹ̀ gidigidi fún ọmọ inú. Yíyẹ ẹ̀jẹ̀ ológbò wò kò lè sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ fún yín, ẹ má náwó sí i.

Nísinsìnyí, ológbò fúnra rẹ̀.

Nǹkan bíi wóró ìrẹsì tí ẹ rí nídìí rẹ̀ kì í ṣe ìrẹsì tó jẹ. Ègé ara aràn pẹlẹbẹ ni. Bí ẹ bá tètè rí i, ẹ ó rí i tó ń súnkì tó sì ń nà. Bó bá gbẹ tán, á di ohun kékeré tó le, aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Aràn yìí kì í gba ìgbẹ́ wọ ológbò lára. Inú eégbọn kékeré tó máa ń fò (flea) ló ń gbé. Eégbọn á mu ẹ̀jẹ̀, ara á yún ológbò, á fi eyín hà á, á gbé e mì, aràn á bẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé tuntun nínú ìfun. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn ṣe ń ráhùn pé àwọn fún ológbò lóògùn aràn, oògùn kò ṣiṣẹ́. Oògùn ṣiṣẹ́. Eégbọn ni wọn kò pa, kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ìrẹsì náà yóò tún fi máa jáde. Ọmọdé tó bá ṣèèṣì gbé eégbọn mì lè kó o bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀, kò sì ṣòro láti tọ́jú.

Ẹ lè mọ̀ bóyá eégbọn pọ̀ lára rẹ̀ láìdúró dè mí. Kí ọkọ yín tẹ́ páálí funfun tàbí tíṣù sílẹ̀, kó fi kọ́ọ̀mù eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ẹ̀yìn rẹ̀ nítòsí ìrù, kó gbọn ohun tó bá bọ́ sórí tíṣù náà. Ẹ ó rí ìdọ̀tí dúdú wínníwínní. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ lásán, dúdú ni yóò wà. Bí ó bá ń tú jáde ní pupa, ìgbẹ́ eégbọn ni, ẹ̀jẹ̀ ológbò yín tó mu ló sì ń ṣàn yẹn. Eégbọn tó bá kọ́ kọ́ọ̀mù, ẹ tì í bọ omi ọṣẹ, yóò rì. Àmọ́ èyí tó wà lára ẹran kéré púpọ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹyin àti ọmọ, nínú ihò sìmẹ́ǹtì, abẹ́ ẹní, inú àga. Ẹ gbálẹ̀ dáadáa lójoojúmọ́, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé, ẹ sá a sóòrùn. Oògùn eégbọn tó jẹ́ ti ológbò wà, bíi fipronil, tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ níbi tí ahọ́n kò ti lè dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lò ó.

Etí tí irun re ní róbótó, bó bá ní èépá, tí róbótó náà sì ń gbòòrò sí i, làpálàpá ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Èyí ń ran ènìyàn, ọmọdé ni ó sì ń mú jù. Bí ẹ bá rí òrùka pupa tó ń yún lápá tàbí lójú ọmọ, ẹ má lọ ra àwọn ìpara àlùpọ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, èyí tí sítẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Ó máa dá yíyún dúró lọ́jọ́ kejì, inú yín á dùn, làpálàpá á sì máa tàn kálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìpara tó jẹ́ ti làpálàpá nìkan ni kí dókítà kọ fún yín. Ti ológbò ń gba sùúrù, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èépá àti irun tó re sílẹ̀ ń gbé àìsàn náà dúró nínú ilé fún oṣù púpọ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní griseofulvin. Kò dára fún aboyún, yálà ènìyàn tàbí ológbò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún un, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó lóyún.

Ojú tó ń ṣepin àti sísín, òtútù àwọn ológbò ni ó jọ. Kì í sábà ran ènìyàn. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ẹ ti sè pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ àti òwú mímọ́ tó láti nu ojú rẹ̀, òwú kan fún ojú kan. Ẹ má kán oògùn ojú ènìyàn sí i, èyí tí sítẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ lè fọ́ ojú náà. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kó má jẹun. Imú tó dí kò ní jẹ́ kó gbóòórùn oúnjẹ, ológbò tí kò bá sì gbóòórùn kì í jẹ. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìjẹun, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nìyẹn; ẹ gbé e wá.

Kí ni yóò máa jẹ? Ẹja ni, ẹran ni. Ṣáwá tàbí títù tí ẹ sè láìsí ata, láìsí iyọ̀ púpọ̀, tí ẹ yọ eegun rẹ̀, ẹ lè pò ó mọ́ ìrẹsì díẹ̀. Mo mọ̀ pé nílé Ẹ̀gbá, àmàlà láfún tó kù nínú àwo ni ológbò ń bá yí, ó sì lè lá a torí ọbẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n èròjà kan wà tí ojú àti ọkàn ológbò nílò, inú ẹran àti ẹja nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ náà ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, sísè kò sì pa oró rẹ̀. Ẹja tútù tí kò jinná kò dára bó bá di oúnjẹ ojoojúmọ́. Mílíìkì máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ológbò àgbà yàgbẹ́ gbuuru. Omi ni kí ẹ gbé fún un.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ gbígbé e lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, wà lójú ọ̀nà Alábàtà, ó jìnnà sí Láfẹ́nwá, àmọ́ ohun èlò wà níbẹ̀. Àwọn dókítà ẹranko aládàáni náà wà nígboro. Bí ẹ bá yan èyí, ẹ bi í bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria, nítorí àwọn tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri ọjà ẹran, tí wọ́n ń pe ara wọn ní dókítà, kò níye. Ẹ má gbé e lọ́wọ́ lásán lórí ọ̀kadà. Bí họ́ọ̀nù ọkọ̀ bá dún ní Kútọ̀, yóò bẹ́, ẹ kò sì ní rí i mọ́. Agbọ̀n tó ní ìdérí tàbí páálí líle tí ẹ lu ihò sí ni kí ẹ lò, kí ẹ fi tówẹ́lì bò ó kó má ríran. Bó bá ń ríran, yóò máa jà. Bí ó bá ṣókùnkùn, yóò ká jọ. Bí ẹ bá ń lọ kí ọjọ́ 10 tó pé, ẹ sọ fún dókítà kó tó ṣí agbọ̀n náà pé ológbò yìí ti ha ènìyàn.

Kí ẹ tó sọ ọ́ di tiyín, ẹ bèèrè ládùúgbò. Àwọn oníṣòwò ìrẹsì àti ẹ̀wà ń sin ológbò sí ṣọ́ọ̀bù nítorí eku, òjò sì lè ti lé e jáde ní ibì kan tí wọ́n ti ń wá a.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jiyàn. Ológbò tó wọlé lálẹ́ òjò, òjò ló sá fún. Ohun tí mo lè sọ nípa àjẹ́ kò ju ìyẹn lọ, ìmọ̀ tèmi kò kọjá ara ẹran. Ẹ sọ fún wọn pé dókítà ní ọ̀rọ̀ oyún tí wọ́n sọ ní ìdí, pé ẹ kò ní fọwọ́ kan ìgbẹ́ rẹ̀, pé ilẹ̀kùn yàrá ìkókó yóò máa wà ní títì. Èyí tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe láti fi tù wọ́n nínú. Ológbò kì í fa èémí ọmọ, irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ibi tó bá móoru, ìkókó kò sì lè tì í kúrò lójú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní ikọ́ fée (asthma), ẹ sọ fún mi pẹ̀lú, torí itọ́ ológbò tó gbẹ mọ́ irun rẹ̀ lè ru ú sókè, ìyẹn sì lè yí ìmọ̀ràn mi padà pátápátá.

Èmi, bí mo bá wà nípò yín, máa gbà á, bí ọjọ́ kẹwàá bá pé ní àlàáfíà tí àgbàlagbà kan sì gbà láti máa kó ìgbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ kó o, ẹ wá ilé mìíràn fún un lẹ́yìn ọjọ́ náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá, ẹ gbé e wá fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti èyí tó wà fún òtútù àti ìgbẹ́ gbuuru àwọn ológbò. Àwa yóò fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá aràn ló wú u tàbí ọmọ, a ó sì mọ abẹ́rẹ́ tí yóò dúró dìgbà tó bá bí. Ẹ̀yin náà lè wo ọmú rẹ̀: láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta oyún, yóò wú díẹ̀, yóò sì pọ́n.

Bó bá jẹ́ oyún ni, nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 ni wọ́n ń gbé e. Ẹ gbé páálí kan tí aṣọ wà nínú rẹ̀ sí igun tó ṣókùnkùn, ẹ fi í sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà. Kí ó má jáde nílé lẹ́yìn tó bá bímọ, nítorí ó lè tún lóyún kó tó já àwọn ọmọ lẹ́nu ọmú. Nígbà tí wọ́n bá pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ gbé e padà wá, ká yọ ilé ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì ti máa wá ẹni tí yóò gba ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti lajú.